Òpó Nínú Ẹrẹ̀

Ọkọ̀ wa ní ara méjì,
bí ìbejì tí wọ́n fi àwọ̀n so pọ̀ ní ìbàdí.
Wobbe ọkọ mi ló rà á lọ́wọ́ apẹja kan ní Makkum
lọ́dún tí orúnkún rẹ̀ ṣì ń gbọ́ tirẹ̀.
Orúnkún náà ti kọ̀ báyìí. Ó jókòó sí èbúté,
òun àti awò awọ̀nàjíjìn àti kọfí tó ti tutù,
èmi àti Sietske, ọmọ ọmọ wa, la gbé ọkọ̀ jáde.

Adágún yìí kò jìn, ẹ má jẹ́ kó tàn yín.
Omi tó fẹ̀ tí ojú kì í tó etí kejì rẹ̀,
ibì kan wà nínú rẹ̀ tí kò kọjá àyà àgbàlagbà.
Òkun ni tẹ́lẹ̀, kí àwọn bàbá wa tó mọ odi dí i lẹ́nu,
inú sì ń bí i títí dòní:
ìgbì rẹ̀ kúrú, ó ga, ó ń sáré bí ẹni tó ń sin gbèsè.

Mo ti sọ fún un pé ikùn ìgbòkun pọ̀ jù.
“Fa okùn ẹsẹ̀ òpó wálẹ̀. Wo bí omi ṣe ń dúdú lọ́hùn-ún.”
“Ẹ jẹ́ kó sáré díẹ̀ sí i, Beppe.”
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.
Kí lèmi náà mọ̀ ní mẹ́rìndínlógún?

Imú ọkọ̀ wọ inú ìgbì, ìdí rẹ̀ gbéra,
mo rí ojú ọ̀run níbi tó yẹ kí n ti rí èjìká ọmọ mi,
lẹ́yìn náà, omi. Omi tútù. Omi nínú imú.
Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó dáhùn.
Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, n kò mọ èyí tó ṣáájú.

Àwọ̀n tí à ń jókòó lé ti di òrùlé.
Òpó tó yẹ kó máa tọ́ka sí ìkúukùu
ti gún ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, ó dúró ṣinṣin.

Mo ní, tú okùn ìgbòkun sílẹ̀ kí omi lè rọ́nà gbà.
Mo ní, jẹ́ kí imú ọkọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́.
A ju okùn kọjá ara òkè, a gun ara ìsàlẹ̀,
a fi ẹ̀yìn lélẹ̀ fún afẹ́fẹ́, a fà.
Ẹrẹ̀ ò dáhùn.
Ó ti gba bàtà mi kan rí, kò dá a padà.

“Má fà á bí ẹni fa eyín,” mo ní.
“Dúró de ìgbì. Bí ó bá gbé e, fà. Bí ó bá sọ̀ ọ́, sinmi.”
Ó yọ díẹ̀. Ó yọ díẹ̀ sí i.
Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì kò wúwo tó.
Sietske bá na àpò, ó bu omi kún un,
ó so ó mọ́ okùn lẹ́yìn wa:
omi tó dojú wa dé náà la fi ṣe ẹnì kẹta.

Òpó jáde lójijì, ẹrẹ̀ dúdú lórí bí fìlà.
A di ọ̀pá abẹ́ àwọ̀n mú kí ọkọ̀ má baà sá fi wá sílẹ̀.

N kò sọ̀rọ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fa okùn wálẹ̀,
lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí ìgbòkun fi wewu,
tí ikùn rẹ̀ sún síwájú, tí ó sì fà mọ́ra.
Àwọn òwú pupa tó já láti ara súwẹ́tà Wobbe,
tí mo lẹ̀ mọ́ ìgbòkun lọ́tùn-ún lósì,
ń fò tààrà, méjì méjì.
Ojú rẹ̀ kò kúrò lára wọn títí a fi délé.

Wobbe wo orí òpó. Ó wò wá.
Ó mu kọfí tútù rẹ̀.
“Ẹ lọ wọn jíjìn omi ni?”
Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ ẹrẹ̀ náà.